Ṣé Ẹ̀fẹ̀ Lásán Ni?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí a bá sọ pé Ìjẹ̀bú fẹ́ràn owó jù, pé Ìjẹ̀ṣà kì í fi gbèsè sílẹ̀, pé orí Èkìtì le, tàbí pé ará Ìbàdàn kò mọ̀ ju ìjà lọ, ṣé ẹ̀fẹ̀ lásán ni a ń ṣe ni, àbí a ń jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì wa?

Àwọn kan yóò ní, kí ni ti ẹ̀rí èké nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rín? Èmi náà kò ní kí a má rẹ́rìn-ín mọ́ o. Yorùbá tí kò bá lè fi ìlú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Ẹ mú "òṣómàáló" tí a ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìwà àbímọ́ni. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà a máa gbé aṣọ láti abúlé dé abúlé, wọn a tà á ní àwìn, wọn a sì padà wá gba owó wọn. Bí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá ń sọ pé òní, pé ọ̀la, oníṣòwò a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a ní òun kò ní dìde títí owó òun yóò fi pé. Kí ni kí ó ṣe? Ó wà ní ìlú onílùú, owó ọjà tí ó gbà sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti fi aṣọ ẹbí ṣe àwìn rí yóò mọ ohun tí mo ń wí. Ohun tí àìní kọ́ bàbá àgbà ni a wá sọ di ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò ta ọ̀pá aṣọ kan rí láyé rẹ̀.

Ti Ìjẹ̀bú náà kò jìnnà sí èyí. Ilẹ̀ wọn wà láàárín ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè, ọ̀nà ọjà sì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà mìíràn wọn a tì í, títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gbógun tì wọ́n ní 1892. Ẹni tí ó ń gba owó bodè, àwọn tí ń san án ni yóò sọ ìtàn rẹ̀. Ní ti Ìbàdàn pẹ̀lú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn ọmọ ogun kò tú ká títí di 1893, ti tó àlàyé. Ogun tán, orúkọ tí àwọn ọ̀tá fún ara wọn kò bá a tán.

Ẹ rántí orí kejìlá ìwé Àwọn Onídàájọ́. Àwọn ará Gílíádì dúró ní ìwọdò Jọ́dánì, wọ́n ní kí ẹni tí ó fẹ́ kọjá pe "Ṣíbólẹ́tì." Ẹni tí ó bá pe "Síbólẹ́tì," ará Éfúráímù ni, wọn a sì pa á. Ọ̀kẹ́ méjì ó lé ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ni ó kú, ọmọ Ísírẹ́lì sì ni tọ̀tún tòsì. Àmì kékeré tí ó wà lábẹ́ lẹ́tà yẹn gan-an ni a fi ń rẹ́rìn-ín ará Ìbàdàn tí ó bá ní òun fẹ́ ra "isu"! Àwa kò gbé idà sí ìwọdò. Ṣùgbọ́n ìwọdò wà ní ọ́fíìsì tí a ti ń gbani síṣẹ́, ó sì wà ní ẹnu ọ̀nà onílé tí ó ń wá ayálégbé.

Ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ní 1927, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, lọ kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wesley ní Ìbàdàn, kò sí ohun tí ń jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ yìí tàbí ti ọ̀hún. Lónìí, owó tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá yunifásítì tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí a wá fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá pè, sílẹ̀ ní 1990. Ní 1991 ìjọba yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ náà sì di àjọni. Àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ará ìpínlẹ̀ kan lánàá wá ń bára wọn fa ẹni tí yóò sanwó àti ẹni tí yóò pàṣẹ, ọ̀rọ̀ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní 2016 àti 2017, ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn ọmọ fi jókòó sílé. Ní oṣù kọkànlá 2020 ni wọ́n tó pín in: Ọ̀yọ́ mú yunifásítì, Ọ̀ṣun mú ẹ̀ka ìṣègùn tí ó wà ní Òṣogbo.

Ohun tí ó burú jù nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀, lójú tèmi, ni pé bí a bá ti lè sọ pé "bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn," a kò ní béèrè ibi tí owó gbà lọ mọ́. Ẹ̀gàn a máa bo àkáǹtì mọ́lẹ̀.

Àwa obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí sì kàn jù. Ta ni nínú wa tí wọn kì í fi ìlú bàbá rẹ̀ pè ní agboolé ọkọ? A pẹ́ títí, a bímọ, a sin òkú wọn, síbẹ̀ "Ìyá Ìjẹ̀bú" ni wọ́n ń pè wá. Ní oṣù kọkànlá 2012, Adájọ́ Ifeoma Jombo-Ofo dé Àbújá kí a lè búra fún un sí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n dá a dúró, nítorí pé ọmọ Anambra ni, Abia tí í ṣe ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni ó sì dúró fún. Ariwo pọ̀ kí wọ́n tó búra fún un. Bí a kò bá ka obìnrin mọ́ ilé ọkọ, tí ilé bàbá náà sì ní ó ti lọ, níbo ni kí ó dúró sí?

Nítorí náà, èmi kò ka ẹ̀fẹ̀ tí a ṣe lójú ẹni tí ó ni ín sí ẹ̀ṣẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹnu rẹ̀ gbà á láti dá tirẹ̀ padà. Èyí tí a sọ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí a ń pinnu ohun kan lórí ayé rẹ̀, ni mo ń bá jà. Ọ̀dọ̀ àwa ìyá sì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wálé. Ìwádìí dára, àwọn àgbà wa kò fi ṣeré. Ṣùgbọ́n "Ìjẹ̀bú ni" kì í ṣe ìwádìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ahun ni ọmọkùnrin náà, kí ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé, kí ó bi wọ́n níbi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì bi ọmọ tirẹ̀ pàápàá pé ta ni ó san owó ọkọ̀ nígbà tí wọ́n jọ lọ síbi òkú.