Bí Ẹ̀rọ Bá Ṣẹ̀, Ta Ni Ká Mú?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Bí ènìyàn bá ṣe ọkọ̀ kékeré tí kò ní awakọ̀, tó ń dá rìn, tó sì ń dá gé koríko, ṣé ohun rere ló ṣe, àbí ọ̀lẹ ló ń kọ́ wa?

Àríyànjiyàn yìí ti wà láàárín àwa tí a ń gbé Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, nítorí ọmọkùnrin kan ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ti ṣe irú rẹ̀. Irin bẹ́ẹ̀dì ló jó pọ̀ ṣe ara rẹ̀. Ẹ̀rọ wáípà méjì tó tú lára ọkọ̀ àlòkù ló ń yí táyà, bátìrì ọkọ̀ ló ń fún un lágbára. Bọ́tìnì kan wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá kan ògiri, á yí padà.

Àwọn àgbà kan ní ìwà ọ̀lẹ ni. Èmi ò gbà. Àdá pàápàá, ẹ̀rọ ni lójú ẹni tó ń fọwọ́ fa koríko tu. Ní 1830 ni Edwin Budding, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ẹ̀rọ agékoríko. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ ojú aṣọ ló wò ṣe é. Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, sọ Volkswagen ìjàpá di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ta ni yóò pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ?

Àwọn mìíràn ní yóò gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn lébìrà. Èyí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àdá ni Àgátú tó ń ro pápá fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì ní àtúnṣe: ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n abẹ ẹ̀rọ náà, kó máa darí rẹ̀, kó sì gba owó iṣẹ́.

Ohun tí kò ní àtúnṣe ni èyí. Lébìrà ní ojú. Bí ó bá rí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ nínú koríko, á yà. Bí ọmọdé bá sáré kọjá, àdá á dúró lókè. Ọkọ̀ yìí, ìgbà tó bá kan nǹkan tán ló tó mọ̀. Mo bi ọmọ náà pé, bí ó bá gé ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe èmi." Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí.

Inú eré R.U.R. tí Karel Čapek kọ ní 1920 ni orúkọ rọ́bọ́ọ̀tì ti tàn ká ayé. Robota ni wọ́n ti fà á yọ ní èdè Ṣẹ́ẹ̀kì: iṣẹ́ àfipáṣe. Ẹni tí a fipá rán níṣẹ́, ọ̀ràn rẹ̀ ọrùn ẹni tó rán an ló wà. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, Ọ̀rẹ̀ yìí ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró. Nínú ogun yẹn, àwọn kan fi irin bo tírákítọ̀ àti lọ́rì di ọkọ̀ ogun. Irú rẹ̀ wà ní mùsíọ́mù Umuahia títí dòní. Ta ló sọ rí pé irin ló jagun? Àwọn ará wa tó wà ní Chicago náà mọ̀ ọ́n: òfin ní kí onílé kó òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ iwájú ilé rẹ̀. Ìbáà fi ṣọ́bìrì kó o, ìbáà fi ẹ̀rọ tì í, onílé ni òfin ń pè.

Nítorí náà, mi ò ní kí ọmọ náà fọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Òógùn ni kí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ wa, kó má gba ojú wa. Kí ó máa rìn tẹ̀ lé e, kí swíìṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí i lára. Ọjọ́ tí kò bá lè kọ ọ́, kí ó má gbé e jáde.