Àgbà Tí A Fowó Rà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, Gateway, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ Ògùn, gba Rashidi Yekini wọlé. Ẹni ọdún 41 ni Yekini nígbà náà. Nínú iṣẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹni ọdún 30 ni wọ́n ti ń pè ní bàbá. Ẹni tó bá pé 35, ilé ni wọ́n ń júwe fún un. Kí wá ni Gateway rà? Ṣé ẹsẹ̀ tó ti sáré fún ogún ọdún ó lé ni, àbí orúkọ tí yóò fa èrò wá sí pápá, àbí ọgbọ́n tó wà lágbárí ọkùnrin náà? Ìbéèrè yìí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo ń yí i síwá, mo ń yí i sẹ́yìn, nítorí bí a bá dá a lóhùn fún agbábọ́ọ̀lù, a ti dá a lóhùn fún gbogbo àgbà tó wà láàárín wa.

Bí a bá perí akọni, a fi idà lalẹ̀. Kàdúná ni wọ́n bí Yekini sí ní 1963, ṣùgbọ́n Ìrá ni orírun rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún níhìn-ín ní Kwara, ará ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú àwa ará Òsì àti Ìlọ́fà. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún UNTL ní Kàdúná, fún Shooting Stars n'Íbàdàn, fún Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta, kó tó kọjá sí Abidjan, kó tó dé Setúbal ní ilẹ̀ Pọ́túgàl. Ní sáà 1993 sí 1994, gòólù 21 ló gbá wọlé níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbá tó o ní gbogbo líìgì wọn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní Áfíríkà, ní 1993. Òun ló gbá gòólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní Dallas, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994. Gòólù 37 ló gbá wọlé fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ló tún wọ ẹ̀wù ìgbábọ́ọ̀lù ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tó ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ fún Abiola Babes ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ìgbà náà.

Láyé tí Yekini ń dàgbà, ẹgbẹ́ ló ni agbábọ́ọ̀lù, agbábọ́ọ̀lù ló sì ni ẹgbẹ́. Lónìí, ìwé àdéhùn ló ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí IICC Shooting Stars gba ife ní 1976, tí wọ́n di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, agbábọ́ọ̀lù wọn, wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan náà pàdánù ìdíje àṣekágbá sọ́wọ́ Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì ní 1984, Ọdẹ́gbàmí ṣì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti dágbére fún bọ́ọ̀lù. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ìpọ́njú kó yẹrí. Àwọn àgbà kò fi kún òwe yìí pé kí onílé má lé ẹyẹlé jáde lọ́jọ́ tí ìyẹ́ rẹ̀ bá rẹ̀. Wọn kò rò pé ọmọ ènìyàn lè nílò irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

N kò ní sọ pé owó ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Agbábọ́ọ̀lù ní ẹnu, ó ní ìyá, ó ní ọmọ. Ẹni tó bá ní kó wá gbá bọ́ọ̀lù nítorí ìfẹ́ ẹgbẹ́, tí kò sì sanwó fún un, olè ni. Nígbà tí Abiola Babes àti Leventis United gbé owó ńlá dé lẹ́yìn 1980, agbábọ́ọ̀lù rí jẹ, àwa òǹwòran náà sì gbádùn. Ṣùgbọ́n Leventis tó gba líìgì ní 1986, kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n tú u ká. Shooting Stars tí kò lówó tó wọn ṣì wà dòní. A kì í fi ọlá jẹ iyọ̀. Owó lè kó ènìyàn mọ́kànlá jọ lọ́sẹ̀ kan. Kí mọ́kànlá yẹn tó di ẹgbẹ́, ó ń fẹ́ àgbà.

Ní agbègbè wa níbí, a ti fìgbà kan mọ bí a ṣe ń díye lé àgbà. Òsì ni Àrẹògún gbé, agbẹ́gilére tó kú ní 1954. Odò-Ọwá ni Bámigbóyè gbé, òun kú ní 1975, nígbà tó ti tó nǹkan bí ẹni 90 ọdún. Iṣẹ́ wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ilẹ̀ òyìnbó. Ní 2022, Yunifásítì Yale l'Ámẹ́ríkà ṣe odidi àfihàn kan fún iṣẹ́ ọwọ́ Bámigbóyè. Ìlú tó bá fẹ́ ère Ẹpa kì í béèrè ẹni tí apá rẹ̀ le jù. Ẹni tó ti gbẹ́gi pẹ́ jù ni wọ́n ń wá lọ. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí: ọ̀gá á lé ọnà, á fi àáké bu igi títí orí, ọrùn àti ara ère yóò fi fojú hàn, wọn á tún un lé, wọn á dán an, wọn á sì fín in. Agbára pọ̀ lápá ọmọṣẹ́ ju ti ọ̀gá lọ, síbẹ̀ ọ̀gá ló ń lé ọnà, nítorí bí àáké bá kọ́kọ́ ṣìnà, kò sí ọ̀bẹ tó lè tún un ṣe. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí àràbà, kò lè rí i. Iṣẹ́ náà kò sì bá ọ̀gá wọ ilẹ̀ lọ: Bándélé ọmọ Àrẹògún ló kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun.

Lónìí ńkọ́? Ẹ wá wo bọ́ọ̀lù tí àwọn ìlú wa máa ń gbá lópin ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Èkó, Ìlọrin àti Àbújá dé. Tẹ́lẹ̀, ọmọ àdúgbò ló ń bá ọmọ àdúgbò gbá a. Nísinsìnyí, olówó á gba agbábọ́ọ̀lù láti Ìlọrin, á sanwó fún wọn nínú ọkọ̀ kí bàtà wọn tó kan koríko. Nínú ọ̀kan irú rẹ̀, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tí gbogbo wa mọ̀ nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Irun ẹ̀bátí rẹ̀ ti funfun. Òun ló ti fi eérú fa ìlà pápá láàárọ̀. Ẹ̀wù àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó síta wà lápá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Àlejò kan tó ń gbá lápá ọ̀tún ń fi ọmọ ìlú tó ń ṣọ́ ọ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Nígbà tí wọ́n sinmi, ọkùnrin náà pe ọmọ yẹn sí kọ̀rọ̀. "Bọ́ọ̀lù lò ń wò," ló wí. "Má wò ó mọ́. Ìbàdí rẹ̀ ni kó o máa wò. Ẹsẹ̀ lè parọ́ fún ọ, ìbàdí kì í parọ́." Ọmọ náà ní, "Mo ti gbọ́, bàbá." Nígbà tí wọ́n padà wọ pápá, àlejò kò rí ibi gbà mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ná olówó ìlú ní kọ́bọ̀. Kò sì sí ẹni tó dárúkọ ọkùnrin náà nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn.

Àtijọ́, à ń béèrè pé, ta ló kọ́ ọ? Lónìí, à ń béèrè pé, èló ni wọ́n fi gbà ọ́? Àtijọ́, bí àgbà bá sọ̀rọ̀, ọmọdé á wo ẹnu rẹ̀; lónìí, bí àgbà bá sọ̀rọ̀, ọmọdé á kọ́kọ́ wo bàtà rẹ̀. Kí n má parọ́, àwọn àgbà náà ní ẹ̀bi. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn kan di ọgbọ́n mọ́nú títí ó fi bá wọn wọ kòtò. Àwọn kan ta ìbò, wọ́n ta ilẹ̀ ọmọ tí a kò tíì bí. Bí ọmọdé bá kọ̀ tí kò dọ̀bálẹ̀ fún irú wọn, n kò mọ bí a ó ṣe bá a wí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ayé òyìnbó ló kó bá wa. Lọ́hùn-ún náà, àwọn tó mọ iyì àgbà ṣì wà. Nínú họ́kì orí yìnyín tí wọ́n ń gbá ní Amẹ́ríkà, Ray Bourque lo sáà tó lé ní 20 fún ẹgbẹ́ ìlú Boston láìgba ife Stanley rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, nígbà tó di ẹni ọdún 39, Boston fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Colorado. Àgbà ni Colorado rà, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n rà. Nígbà tí wọ́n gba ife náà ní 2001, Joe Sakic tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé e sókè. Àṣà wọn nìyẹn. Sakic gba ife, kò gbé e sókè, ó fà á lé Bourque lọ́wọ́ kí àgbà kọ́kọ́ gbé e. Ẹni tó bá mọ iyì wúrà là á tà á fún.

Nítorí náà, n kò dá Gateway lẹ́bi pé wọ́n gba Yekini. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ojú tí àwa yòókù fi wò ó: a jókòó, a ń ka gòólù. Bí kò bá gbá a wọlé, a ní ó ti tán. Ta ló bi í bí a ti ń dúró níwájú ilé gòólù bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, títí bọ́ọ̀lù yóò fi dé? Ta ló kó ogún ọmọ jọ síwájú rẹ̀ láràárọ̀ pé kó fi hàn wọ́n? Ìgbà díẹ̀ ló lò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń dá gbé n'Íbàdàn, àìsàn sì dé bá a, títí ó fi kú ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012, lẹ́ni ọdún 48. Ìrá ni wọ́n sin ín sí. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tí Yekini ní nínú bọ́ọ̀lù Nàìjíríà kò lóǹkà. Mélòó nínú wọn ló mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ nígbà tó wà láàyè?

Ẹ̀yin alákòóso Kwara United ní Ìlọrin, ẹ̀yin ọmọ Òsì, Ìlọ́fà, Odò-Ọwá àti Àràròmí-Òpin tẹ́ ẹ ń gbówó kalẹ̀ fún bọ́ọ̀lù lópin ọdún, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Bí ẹ bá máa gba àgbà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀ pé yóò kọ́ àwọn ọmọ, ẹ kọ iye ọjọ́ tí yóò kọ́ wọn lọ́sẹ̀, ẹ sì ya owó èyí sọ́tọ̀ sí owó ìgbábọ́ọ̀lù, kó lè máa gbà á lọ bí ẹsẹ̀ bá tilẹ̀ kọ̀. Àwọn tó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú yín láyé àtijọ́, ẹ wá wọn lọ sílé kó tó di oṣù kejìlá. Wọ́n wà níbẹ̀, ẹ mọ ilé wọn.