Ìrìn Tí Kò Nira: Ìbéèrè Kan Nípa Ìrìn-àjò Mímọ́ ní Etíkun Northumberland

Ìbéèrè tó ti pẹ́ nínú ẹ̀sìn ni bóyá iṣẹ́ ìsìn tí kò ni olùjọ́sìn lára lè ní iyì kankan níwájú Ọlọ́run, pàápàá nígbà tí iṣẹ́ ìsìn náà bá jẹ́ ìrìn-àjò mímọ́, èyí tí í ṣe ìrìn tí ènìyàn ń rìn lọ sí ibì kan nítorí pé ó gbà pé ibẹ̀ ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú Ọlọ́run tàbí pẹ̀lú àwọn ẹni mímọ́ Rẹ̀. Èrò tó gbilẹ̀ jù ni pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń lọ sí orí òkè àdúrà kò ní jiyàn rárá pé gíga òkè náà, ààwẹ̀ tí wọ́n gbà kí wọ́n tó gùn ún, àti oorun tí wọ́n fi du ara wọn níbẹ̀ wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àdúrà gbà. Etíkun Northumberland, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú kí ìbéèrè náà gba ọ̀nà mìíràn yọ, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, èrò kò pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba etí òkun kọjá kò sì béèrè ju bàtà gidi àti aṣọ òtútù lọ, bẹ́ẹ̀ etíkun yìí kan náà ni ìgbàgbọ́ Kristi ti tàn dé apá tó pọ̀ ní àríwá ilẹ̀ náà.

Lindisfarne, tí wọ́n tún ń pè ní Erékùṣù Mímọ́, ni ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́ jù. Ní ọdún 635, Oswald, ọba Northumbria, ránṣẹ́ sí àwọn mọ́ńkì erékùṣù Iona ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa gbé pọ̀ nínú àdúrà láìláya, pé kí wọ́n fún òun ní ẹni tí yóò kọ́ àwọn ènìyàn òun ní ìgbàgbọ́, Aidan ni wọ́n sì yàn fún un níkẹyìn; ọba fún Aidan ní Lindisfarne, tí ojú lè tó láti Bamburgh níbi tí ààfin olódi ọba wà. Cuthbert, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó jẹ lẹ́yìn Aidan, kú ní ọdún 687 ní Inner Farne, erékùṣù kékeré kan tó ti lọ dá gbé kí ó lè gbàdúrà láìsí ìdíwọ́, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ padà wá sin sí Lindisfarne. Àwọn Viking kọlu erékùṣù náà ní ọdún 793. Nígbà tó di ọdún 875, àwọn mọ́ńkì gbé òkú Cuthbert, wọ́n kó kúrò níbẹ̀, òkú náà kò sì dé Durham tó wà dòní àfi ní ọdún 995. Bede, mọ́ńkì ìlú Jarrow tó parí ìwé ìtàn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 731, ti sọ ohun tí gbogbo àlejò ṣì ń kọ́kọ́ rí títí di òní, pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń yí ibẹ̀ ká tó fi ń di erékùṣù, tí omi náà sì tún ń fà lẹ́ẹ̀mejì tí ibẹ̀ fi ń so pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ńlá.

Àwọn tó gbà pé ìnira ni òṣùwọ̀n ìsìn kò ṣàìní ẹ̀rí tiwọn. Àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Ireland, tí Aidan jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ka kíkúrò nílé láìsí ìrètí àtipadà sí ọ̀kan lára ẹbọ tó ga jù tí ènìyàn lè rú, nítorí pé ẹni tó bá fi ìdílé àti ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀ láyé ìgbà náà ti fi gbogbo ààbò tó ní sílẹ̀ pẹ̀lú. Nínú Bíbélì, nígbà tí Aráúnà fẹ́ fún Dáfídì ọba ní ilẹ̀ ìpakà, màlúù àti igi lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó lè fi rúbọ, ọba kọ̀, ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ sí Olúwa. Ibí yìí ni àwọn oníwàásù sì máa ń tọ́ka sí nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ìjọ mọ̀ pé ìsìn kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́. Nínú ìmọ̀ ọgbọ́n orí pàápàá, Immanuel Kant, ará Jámánì, sọ nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1785 pé iyì ìwà rere máa ń hàn kedere jù lára ẹni tó ń ṣoore nítorí pé ó jẹ́ ojúṣe rẹ̀, nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò fà sí i rárá, ju lára ẹni tí oore ṣíṣe ti jẹ́ ìdùnnú fún lọ. Bí a bá gbé ìrìn etíkun lé òṣùwọ̀n wọ̀nyí, kò ní wọ̀n rárá.

Síbẹ̀, bí a bá tún ìtàn Dáfídì yẹ̀ wò, kì í ṣe ìrora ni ọba ń wá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé màlúù náà jẹ́ ti Aráúnà, bí Dáfídì bá sì fi rúbọ lọ́fẹ̀ẹ́, Aráúnà ni ì bá jẹ́ ẹni tó rúbọ, tí ọba kàn bá a dáná sí i. Owó tí ó san ló sọ ẹran náà di tirẹ̀, ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló sì lè fi fún Ọlọ́run. Ojú yìí náà ni ó yẹ kí a fi wo ẹ̀sùn tí Martin Luther fi kan àwọn onírìn-àjò mímọ́ ní ọdún 1520, nígbà tó rojọ́ pé ọkùnrin ń ná owó gọbọi lójú ọ̀nà Róòmù nígbà tí aya àti ọmọ rẹ̀ ń jìyà nílé, nítorí pé ìrìn náà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n màlúù ẹlòmíràn ni ọkùnrin náà fi ń rúbọ. Nítorí náà, ìbéèrè tó tọ́ nípa ìrìn mímọ́ ni pé kí ni ẹni náà fi sílẹ̀, ṣé tirẹ̀ sì ni? Bí ó ti rẹ̀ ẹ́ tó kò dáhùn ìyẹn.

Thomas Aquinas, àlùfáà tó gbé ayé láti nǹkan bí ọdún 1225 sí 1274, ti sọ̀rọ̀ lórí èyí ní kúkúrú tó sì ṣe pàtó: ó kọ́ni pé jíjẹ́ rere ohun kan ló ń mú èrè rẹ̀ wá ju bí ó ti le tó lọ, tí ó fi jẹ́ pé ohun tó le jù kò ní èrè jù àyàfi bí ó bá tún dára jù. Josef Pieper, ará Jámánì tó kọ̀wé lórí ìsinmi àti ìjọsìn ní ọdún 1948, gbé ọ̀rọ̀ Aquinas yìí dìde lòdì sí Kant, ó sì rí i pé ẹni tó bá gbà pé kìkì ohun tó le ló dára kò ní lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan Ọlọ́run. Ìkìlọ̀ náà bọ́ sí i. Ẹni tó bá gbà pé òógùn ojú òun ni òun fi ra oore-ọ̀fẹ́ kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé owó.

Ìwà Aidan fúnra rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Bede ròyìn pé ẹsẹ̀ ni Aidan máa ń fi rìn káàkiri ìgboro àti ìgbèríko, kì í gun ẹṣin àfi bí ọ̀ràn bá di kàráǹgídá, ìdí rẹ̀ sì ni pé ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn yóò bá gbogbo ẹni tó bá pàdé sọ̀rọ̀, olówó àti tálákà, kí ó lè pe ẹni tí kò tíì gbàgbọ́ kí ó sì gba ẹni tó ti gbàgbọ́ níyànjú. Nígbà tí ọba mìíràn, Oswine, fún un ní ẹṣin tó dára púpọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, kò pẹ́ tí Aidan fi bọ́ sílẹ̀ tó sì fa ẹṣin náà lé alágbe kan lọ́wọ́. Inú bí ọba, ṣùgbọ́n Aidan bi í bóyá ọmọ abo ẹṣin ṣe iyebíye lójú rẹ̀ ju ọmọ Ọlọ́run lọ. Kò sí ibì kankan nínú ìròyìn yìí tí Aidan ti sọ pé òun ń rìn kí ẹsẹ̀ lè máa dun òun. Ó ń rìn nítorí pé ẹsẹ̀ kì í yára kọjá ènìyàn.

Ọ̀nà Àwọn Arìnrìn-àjò Mímọ́, tó gba orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyanrìn láti ilẹ̀ ńlá dé Lindisfarne, gùn ní nǹkan bí kìlómítà 5, kò sì ní òkè kankan láti gùn. Òpó igi gíga ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́ láti fi ojú ọ̀nà hàn, ewéko òkun sì ti bo ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ibi tí omi máa ń kún dé, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dúró ti òpó kan lè fi ara rẹ̀ wọn bí omi náà yóò ti ga tó ní wákàtí mélòó kan sí i. Iyanrìn ibẹ̀ le níbì kan, ó di ẹrẹ̀ dúdú tó ń gba ẹsẹ̀ mì dé ọrùn ẹsẹ̀ níbòmíràn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń bọ́ bàtà wọn. Ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run wá, tí kì í wọ bàtà nígbà tó bá wà nínú sùtánà, kò ní rí ohun àjèjì nínú ìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrẹ̀ ló fa ti Lindisfarne, tí ti ìjọ rẹ̀ sì wá láti inú ìtàn Mósè níbi igbó tó ń jó. Láti ọ̀nà jíjìn, a lè gbọ́ àwọn ẹran omi tí wọ́n ń pè ní seal, tí wọ́n máa ń sùn sórí òkìtì iyanrìn, tí igbe wọn sì jọ ti ènìyàn tó ń dárò. Láàrin ọ̀nà, àwọn àhéré kékeré wà tí wọ́n fi òpó gbé sókè fún ẹni tí omi bá ká mọ́.

Omi yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ìkún àti ìfà òkun, èyí tí agbára tí òṣùpá àti oòrùn fi ń fa omi ayé ń ṣokùnfà, ń yí àkókò rẹ̀ padà lójoojúmọ́ ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú, nítorí náà wákàtí tó ṣeé rìn lónìí lè má ṣeé rìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ náà sì máa ń tẹ ìwé àkókò jáde kí olúkúlùkù lè mọ ìgbà tí ọ̀nà ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí omi bá ṣì ń fà, kì í ṣe nígbà tó bá wù ú. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, òkun kò tilẹ̀ hó rárá, ó kàn ń padà bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba inú àwọn ojú ìṣàn tó wà lẹ́yìn ẹni náà kí ó tó gba iwájú rẹ̀. Láti ọdún 1954 ni títì ọlọ́dà ti wà fún ọkọ̀ láti gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá, omi sì ń bo títì náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń bo ọ̀nà ẹsẹ̀. Kò sí ọdún kan tí òkun kì í gbá ọkọ̀ mú lórí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ gbà pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni òun nílò.

Ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí a fà yọ ni ti ìrọ̀rùn àti ìkápá, ìyẹn pé kí ohun kan má nira àti pé kí ohun kan wà ní ìkáwọ́ ẹni. Ayé òde òní ti so méjèèjì pọ̀, débi pé ohun tó rọrùn lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ohun tí wọ́n lè ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ àti bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ìrìn orí iyanrìn Lindisfarne tú wọn sílẹ̀ lára ara wọn: kò le, ìyá àgbà tí orókún rẹ̀ kò dùn ún jù lè rìn ín, síbẹ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni tó ń rìn ín. Ohun tí onítọ̀hún fi sílẹ̀ ni wákàtí rẹ̀, tirẹ̀ sì ni wákàtí náà lóòótọ́, kò yá a lọ́wọ́ aya, ọmọ tàbí aládùúgbò bí ó bá ti ṣètò ilé rẹ̀ dáadáa. Èyí ni màlúù tí ó san owó rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè kọjú ìjà sí àlàyé yìí pé apẹja náà ń dúró de òkun, onífàájì tó wá ya fọ́tò náà ń dúró, kò sì sí ẹni tó pe àwọn yẹn ní arìnrìn-àjò mímọ́. Òtítọ́ ni. Dídúró nìkan kò sọ ohunkóhun di mímọ́, gẹ́gẹ́ bí ebi nìkan kò ṣe jẹ́ ààwẹ̀. Ìyàtọ̀ náà wà nínú ẹni tí a ń dúró dè: apẹja ń dúró de ẹja, onífàájì ń dúró kí ọ̀nà là, nígbà tí àwọn tó ń gbé àgbélébùú igi kọjá lórí iyanrìn náà ní ọjọ́ Ẹtì Rere lọ́dọọdún ń ka dídúró náà sí apá kan ọ̀sẹ̀ tí ìjọ fi ń dúró lẹ́bàá ibojì. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a gbà pé ààlà náà kò le bí ògiri, àti pé onífàájì tí òkun ti dá dúró fún wákàtí mẹ́ta lórí erékùṣù, tí kò sí ibi tó lè lọ, ti wà nítòsí àdúrà ju bí ó ti rò lọ.

Ibi tí àlàyé yìí kò ti rọrùn láti gbé ró ni apá gúúsù etíkun náà, láàrin Craster àti ahoro ilé olódi Dunstanburgh, tí Thomas, ìjòyè Lancaster, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1313 kí ọba tó bẹ́ ẹ lórí ní ọdún 1322. Kìlómítà 2 péré ni ọ̀nà náà, orí koríko tí àgùntàn ń jẹ ni ó gbà, òórùn ẹja ṣawa tí wọ́n là láàrin tí wọ́n sì ń fi èéfín igi óákù yan ní Craster sì máa ń bá ènìyàn rìn jìnnà díẹ̀. Kò sí omi tó ń sé ọ̀nà náà, kò sí wákàtí tí ó ń pàṣẹ, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ lówùúrọ̀ kí ó sì tún lọ lálẹ́. Níbẹ̀, bí ẹni náà bá ń rìn bí Aidan ti ń rìn, tí ó ń dúró kí darandaran àti arúgbó tó jókòó sórí àga etí ọ̀nà, tí ó sì ní àyè láti gbọ́ ìdáhùn wọn tán, a lè sọ pé ó ti fi nǹkan kan sílẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbádùn ni. Ìgbádùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Aquinas kò sì ní bá a wí, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí wọn yóò fi máa pè é ní ìsìn nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ nítòsí Lindisfarne.