Ẹ̀kọ́ Bíbélì Lójú Ọ̀nà

Bíbélì Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:26–40



Ẹ jẹ́ kí a wo ìwẹ̀fà ará Etiópíà nì. Ó ti lọ jọ́sìn ní Jerúsálẹ́mù, ó ń padà bọ̀ ní ọ̀nà Gásà, ó jókòó nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń ka ìwé wòlíì Aísáyà. Báwo ni Fílípì ṣe mọ ohun tí ó ń kà? Ó gbọ́ ọ ni. Ọkùnrin yìí ń kà á sókè lójú ọ̀nà.

Púpọ̀ nínú wa ni ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Kí a tó mú àwọn ọmọ dé ilé ìwé ní òwúrọ̀, ojú ti wúwo. Ìwé ẹ̀kọ́ a wà ní ṣíṣí lórí àyà, oorun a sì gbé wa lọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wá sí ẹ̀kọ́ Ọjọ́rú mọ́, nítorí ojú ń tì wọ́n pé àwọn kò ka nǹkan kan. Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín ńkọ́? Wọ́n gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kíkà rẹ̀ ń dẹ́rù bà wọ́n.

Nítorí náà ni a ó ṣe máa ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sínú fóònù, kí ẹ lè máa gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀nà ọ̀lẹ. Ní Nehemáyà orí 8, Ẹ́sírà ka ìwé òfin láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, etí ni àwọn ènìyàn sì fi gbà á.

Kí ẹni tí yóò kà á má sáré. Kí ó ka ẹsẹ Bíbélì ná, lẹ́yìn náà àlàyé. Bí ó bá béèrè ìbéèrè, kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí olùgbọ́ lè ronú. Kí ó sì ṣọ́ ohùn ọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí ìgbà kì í ṣe igbá. (Ẹ má fi í sí etí lẹ́nu iṣẹ́ o! Aláìsàn tí ń pe ni lóru, ohùn tirẹ̀ ni ó yẹ kí a gbọ́. Bákan náà ni bí ẹ bá ń sọdá títì.)

Ṣùgbọ́n ìwẹ̀fà nì ń kà, kò sì yé e, títí Fílípì fi gòkè wá jókòó tì í. Fóònù kò lè ṣe iṣẹ́ Fílípì. Ẹ mú ìbéèrè yín wá ní Ọjọ́rú. Ẹni tí oorun bá gbé lọ láàárín ẹ̀kọ́, kí ó wá bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó gbọ́ dé ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.