Osùn Inú Apá Àlùkò

Ojoojúmọ́ la ń fi agbe àti àlùkò ṣe ìwúre. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mélòó nínú yín ló ti fojú rí wọn? Èmi rí àlùkò lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ kan létí odò. Bó ṣe bà, dúdú tó ń dán bí aró ni, àfi àtàrí rẹ̀ tó pọ́n. Ó wá fò. Háà! Osùn ló kún apá méjèèjì! (Láti ọdún 1869 làwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbà gidi wà nínú irú pupa yẹn.) Ìgbà yẹn ni ìwúre náà tó yé mi dáadáa: ire tó ti wà lára ẹni, tí kì í hàn àfi téèyàn bá na apá, là ń tọrọ. Ìyẹ́ tó bá já sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣà o. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lọ pa á, ẹ ní kó ki odù tó sọ bẹ́ẹ̀.