Màmá Gbọ́ Ohùn Omi Lóru

Mo wá jẹ́rìí oore tí Ọlọ́run ṣe fún èmi, àwọn ọmọ mi méjèèjì, àti gbogbo àwa tí a jáde ní Chicago lọ pàgọ́ ní àfonífojì Cataloochee, láàárín àwọn òkè Great Smoky ní North Carolina. Bí a ti lọ pé ni a bọ̀ pé. Olúwa kò jẹ́ kí a ka iye wa kí ó dín.

Inú ilé ni mo ti ń dúpẹ́ oore yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò Guadalupe kún ní Texas ní ìdájí ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025, tí ẹ̀mí 27 lọ nínú àwọn ọmọbìnrin àti olùtọ́jú wọn ní ibùdó ìsinmi Camp Mystic, mo sunkún bí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n. Ẹni tí Ọlọ́run bá yọ lọ́wọ́ irú omi yẹn, dandan ni kí ó sọ ọ́ síta.

Ẹ mọ bí Chicago ṣe rí: ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbẹ̀ mọ adágún Michigan, wọ́n mọ ilé gogoro, ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ìtàn òkè àdúrà fún wọn, kì í yé wọn. Ìdí nìyí tí ìjọ fi ní kí a kó wọn lọ sáàárín òkè nígbà ìsinmi, kí wọ́n gbàdúrà níbi tí kò sí ariwo ọkọ̀. Àwọn kan ní kí Màmá, ìyá àgbà ìjọ wa, jókòó sílé nítorí orúnkún tí ń dà á láàmú. Màmá ní orúnkún ni ó ń dun òun, kì í ṣe ẹ̀mí. Bí àwọn ọmọ òun bá ń lọ, òun náà ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí yìí dúpẹ́ ná. Bí Màmá bá jókòó sílé ni, ta ni ìbá wà láyé láti jẹ́rìí?

A gba Indiana àti Kentucky kọjá, a wọ Tennessee, a sì gun òkè wọ North Carolina. Ọ̀nà tí ó wọ Cataloochee tóóró, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí i, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbun. Kí a tó débẹ̀, kò sí nẹ́tíwọ̀kì lórí fóònù ẹnikẹ́ni mọ́. Òkè yí àfonífojì náà ká, òmíràn ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000. Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ rí àwọn àgbọ̀nrín ńláńlá tí à ń pè ní elk, tí wọ́n kó padà sínú igbó náà ní ọdún 2001. A kọrin ní Palmer Chapel, ilé ìjọsìn kékeré tí àwọn ará àfonífojì náà kọ́ ní 1898. Lẹ́yìn náà a pàgọ́ sórí pápá kan lẹ́bàá odò, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti dọ́gba.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àrá ń sán lókèèrè, lórí àwọn òkè tí odò náà ti ń ṣàn bọ̀. Níbi tí a wà, òjò wínníwínní lásán ni. Ṣùgbọ́n ní àfonífojì, òjò tí yóò pa ènìyàn lè má kàn án lórí rárá. Ṣóńṣó àwọn òkè Smoky ń gba òjò tí ó lè tó ínǹṣì 85 lọ́dún. Òkè náà dagun, omi kì í dúró kí ilẹ̀ mu ún. Gbogbo ìṣàn kéékèèké ń sáré sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń pàdé ara wọn, wọ́n sì ń já papọ̀ sínú odò kan ṣoṣo, èyí tí a sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Màmá kì í fi ọ̀gànjọ́ òru sùn. Ìgbà tí gbogbo ilé bá ti sùn ni ó máa ń kúnlẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó wà lórí àdúrà nínú àgọ́ rẹ̀ nígbà tí ohùn odò yí padà. Kì í ṣe pé ó le sí i nìkan. Màmá gbọ́ òkúta tí ń lu òkúta nísàlẹ̀ omi. Ó tan tọ́ọ̀ṣì: omi tí ó mọ́ gaara nírọ̀lẹ́ ti pọ́n, ó ń gbé ẹ̀ka igi kọjá. Màmá mú ìkòkò àti ṣíbí, ó ń lù ú láti àgọ́ dé àgọ́: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dìde! Omi yìí ti ń yí òkúta!”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa rọra dá a lóhùn pé, “Ẹ má bẹ̀rù, Màmá. Odò orí òkè máa ń pariwo.”

Màmá ní, “Agbẹ́ni ní Ìbàdàn ni mò ń gbé nígbà tí odò Ògùnpa kún ní 1980. Mo mọ ohùn omi tí ó ń bọ̀ wá gba ilé lọ́wọ́ onílé. Gbé ọmọ yẹn, ká máa lọ.”

Gbogbo ẹni tí ó gbọ́njú sí Ìbàdàn mọ ohun tí Màmá ń sọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Ògùnpa wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tí ó tún jiyàn.

Ẹnì kan fẹ́ sáré lọ gbé ọkọ̀. Ẹni tí ó darí wa kọ̀, ó ní ẹsẹ̀ ni a ó fi lọ, òkè ni a ó sì gùn. Ọgbọ́n Ọlọ́run nìyẹn: omi tí ó ń sáré, tí kò ju ínǹṣì 6 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú, èyí tí ó bá tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sì lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Mo fi ìborùn pọn àbúrò, mo di ẹ̀gbọ́n mú lọ́wọ́. Màmá kò gbà kí wọ́n gbé òun gòkè títí wọ́n fi lọ jí ìdílé òyìnbó kan tí wọ́n pàgọ́ nísàlẹ̀ wa. Gbogbo wa jọ gun òkè nínú òkùnkùn, à ń di gbòǹgbò igi mú, à ń pe orúkọ ara wa kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù. A kò tíì jókòó tán tí a fi gbọ́ tí igi ń ya nísàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, pápá tí a sùn sí ti di odò. Àgọ́, àpò ìsùn, kúlà oúnjẹ, bàtà àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀ bá omi lọ. Ẹ̀mí kankan kò bá a lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má rò pé a sàn ju ẹlòmíràn lọ. Ní òru ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2010, àwọn ìdílé sùn bẹ́ẹ̀ ní Albert Pike ní Arkansas, ní àfonífojì láàárín òkè. Odò Little Missouri kún, ènìyàn 20 sì kú. Ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú wọn gbàdúrà kí wọ́n tó sùn. Ohun tí mo lè sọ ni pé Ọlọ́run fún wa ní ẹnì kan tí kò sùn, ó sì fún àwa náà ní etí ìgbọ́ràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà ọpẹ́ mi kò lè parí sí orin àti ijó. Ó di dandan kí n ṣọ́ ọmọ ẹlòmíràn bí Màmá ti ṣọ́ tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ óò kó ọmọ lọ pàgọ́, ìbáà ṣe ní Smoky, ìbáà ṣe ní Starved Rock níhìn-ín ní Illinois, mo bẹ̀ yín: ẹ sùn sí ibi tí ó ga ju odò lọ, bí ilẹ̀ ibẹ̀ kò tilẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbọ́ ìkéde ojú ọjọ́ kí ẹ tó wọ àfonífojì, ẹ sì mú rédíò oníbátìrì dání, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fi ọ̀nà òkè han gbogbo ọmọ. Ẹ pín òru láàárín ara yín, kí ẹnì kan máa ṣọ́nà nígbà gbogbo. Ẹ má sì fi àgbà sílẹ̀ sílé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kì í tòògbé. Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ ó jẹ èrè ọmọ pẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìdílé tí wọ́n bọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn bo ọmọ mi lórí òkè, àti olùṣọ́ igbó tí ó wá wa rí. Mo mú ọrẹ ọpẹ́ wá, àwọn ọmọ mi sì dúró tì mí. Ẹ bá mi yin Olúwa! Kí ó tu àwọn tí omi gba ọmọ lọ́wọ́ wọn nínú, kí ó sì máa jí ẹnì kan fún wa ní gbogbo òru ewu. Àmín.