Àgbà Tó Wakọ̀ Lọ Bá Ààrẹ

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń tún orí ọmọ ṣe, ọwọ́ ni. Àgbà ní láti dìde níbi tó jókòó sí. Ìdìde yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ Kechewaishke wọ̀ mí lára.

Olórí àwọn Chippewa, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan, ni, ní La Pointe, létí adágún Superior l'Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1850, Ààrẹ Zachary Taylor pàṣẹ pé kí wọ́n kó kúrò nílẹ̀ wọn. Àwọn aṣojú ìjọba gbé ibi tí wọ́n ti ń gbowó ọdọọdún lọ́wọ́ ìjọba lọ sí Sandy Lake, ibi tó jìnnà réré, kí yìnyín lè há wọn mọ́bẹ̀. Àwọn èèyàn dé, owó ò dé. Ebi, èéyi àti ìgbẹ́ ọ̀rìn pa nǹkan bí 150 níbẹ̀. Àwọn tó kú sójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń padà sílé tún ju ìyẹn lọ.

Kechewaishke ti lé ní 90 ọdún. Bó bá rán ọmọ níṣẹ́, ta ni ì bá dá a lẹ́bi? Lọ́dún 1852, òun, Oshaga, olórí kan lábẹ́ rẹ̀, àtàwọn mìíràn wọ ọkọ̀ èèpo igi, wọ́n ń lọ bẹ Ààrẹ ní Washington kó wọ́gi lé àṣẹ náà. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní ìṣó kan ṣoṣo: gbòǹgbò igi ni wọ́n fi ń rán an, oje igi ni wọ́n fi ń dí ojú rírán rẹ̀. Bí òkúta bá ha á, wọn á fà á sétí omi, wọn á yọ́ oje lórí iná, wọn á fi lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó tún máa lọ. Wọ́n ń yà lójú ọ̀nà, kí àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ ń gbé lè buwọ́ lùwé ẹ̀bẹ̀ wọn. Mo fẹ́ràn yíyà yẹn ju wíwakọ̀ náà lọ, torí amọ̀nà tó gbọ́n kì í dá nìkan dé iwájú aláṣẹ.

Ní Washington, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ ní kí wọ́n padà sílé. Wọn ò lọ, títí wọ́n fi ráyè rí Ààrẹ. Níwájú Ààrẹ Millard Fillmore, tó gbapò Taylor, kòkò tábà ló ṣáájú ọ̀rọ̀. Ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, Ààrẹ náà fà á. Lẹ́yìn náà, Oshaga ni àgbà jẹ́ kó rojọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olórí ti ń kọsẹ̀: wọ́n á rin ọ̀nà tán, wọn ò ní lè fi ẹnu sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Fillmore wọ́gi lé àṣẹ náà. Lọ́dún 1854, àdéhùn tuntun fún wọn ní ilẹ̀ tí wọn ó máa gbé títí. Kechewaishke kú ní September 1855, ní La Pointe. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.